Ìbéèrè Yín: Bí Ọmọ Inú Kò Bá Tàpá Bíi Ti Tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 34. Láti àná ni ọmọ kò ti tàpá tó bó ṣe máa ń tàpá. Ìyá ọkọ mi ní bí ìkúnlẹ̀ bá ń súnmọ́, ọmọ a máa sinmi, pé kí n mu málìtì tútù, ara rẹ̀ á jí. Island Maternity ni mo ti gba káàdì, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì ní kí n wá. Ṣé kí n dúró? (Olóyún àkọ́bí, Ẹ̀bútè Mẹ́ta)

Ìdáhùn: Ẹ má dúró, ẹ dìde báyìí. Ìyá wa ò ní bínú: ọmọ kì í sinmi de ìkúnlẹ̀. Àyè lè fún un, kí ìtàpá rẹ̀ wá di ìyíra jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n iye ìgbà kò gbọdọ̀ wálẹ̀. Bí ibi ọmọ kò bá ṣiṣẹ́ tó mọ́, ṣe ni ọmọ máa ń ṣọ́ agbára rẹ̀ ná, á dín ìyíra kù. Málìtì á pa òùngbẹ, kò lè yẹ ọmọ wò. Ẹni tí kò dá lójú ló lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kó pa fóònù tì, kó máa kà: bí kò bá pé 10 láàárín wákàtí 2, kó máa lọ. Tiyín ti dájú. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ti dí Third Mainland, ẹ yà sí FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta yín níbẹ̀, pẹ̀lú káàdì àti èsì skáànù lọ́wọ́.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wí pé "ara mi kò yá". Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n á ní kí ẹ jókòó sí. Ẹ ní: "Oyún ọ̀sẹ̀ 34, ọmọ kò tàpá dáadáa láti àná." Nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá, á yẹ ìtọ̀ wò, á fi téèpù wọn ikùn, ní ọ̀sẹ̀ 34, bíi sẹ̀ǹtímítà 32 sí 36 ló yẹ kó jẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan CTG, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù sórí bébà: bẹ́líìtì méjì. Èyí tí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì sí ń gbọ́ ọkàn ọmọ, ìkejì ń mọ ìgbà tí ikùn bá le. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 20 ni. Bí ọmọ bá ń sùn, ó lè di 40. Ẹ má fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ilé ọmọ á tẹ iṣan ńlá, òòyì á kọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀gbẹ́ kan.

Lórí bébà tó ń jáde, ọkàn ọmọ yẹ kó wà láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìlà náà máa gbọ̀n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó sì máa gòkè bí ọmọ bá yíra. Ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tó ń já wálẹ̀ lẹ́yìn tí ikùn le, ló ń mú dókítà sáré. Bí ìlà bá kàn ń gé, tí àlàfo ń wà láàárín rẹ̀, bẹ́líìtì ló sábà ń yọ̀. Bí ó bá ka 85, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ di ọrùn ọwọ́ yín mú, torí ẹ̀rọ lè máa ka ọkàn ìyá. (Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìlò ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.)

Bí ọmọ ṣe wà lónìí ni CTG ń sọ. Bí ìtàpá bá tún dínkù lọ́la, ẹ padà lọ, ẹ má tijú; wọ́n á fi skáànù wo ìdàgbà rẹ̀, omi tó yí i ká, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ìwọ́ kọjá.

Ìbéèrè: Ìfúnpá mi jẹ́ 148/94 ní clinic, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ kẹ́míìsì àdúgbò wa, 128/80 ni. Wọ́n fẹ́ dá mi dúró sí ọsibítù. Ṣé dandan ni? (Olóyún, Surulérè)

Ìdáhùn: Ti kẹ́míìsì kò pa ti clinic rẹ́. Lóòótọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn, tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tàbí tí ìdì apá ẹ̀rọ kéré fún, tirẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ní kí ẹ jókòó ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn lára àga, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá ṣì jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbà kí wọ́n dá yín dúró: wọ́n á máa wọ̀n ọ́n tọ̀sán-tòru, wọ́n á wá purotéènì nínú ìtọ̀, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ wo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ní 160/110, wákàtí yẹn gan-an ni ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀. Orí fífọ́ tí parasítámọ́ọ̀lù kò ràn, ojú tó ń ṣú, àti ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún kò ní dúró de ìwọ̀n kankan.

Bí wọ́n bá fún yín ní magnesium sulphate kí gìrì má baà mú yín, ara á gbóná fòò bó ṣe ń wọlé, kò burú. Nọ́ọ̀sì á máa fi òòlù kékeré kan orúnkún yín, á ka èémí, á wọn ìtọ̀. Bí orúnkún kò bá ta mọ́, wọ́n á dá a dúró. Calcium gluconate ló ń pa oró rẹ̀.

Ìbéèrè: Omi ń jò díẹ̀díẹ̀ lára mi ní ọ̀sẹ̀ 36. Ṣé ìtọ̀ ni? (Mushin)

Ìdáhùn: Ìtọ̀ a máa ṣeé mú dúró, omi ọmọ kò ṣeé mú dúró, ó sì ń ṣàn bí ẹ bá dìde. Ẹ fi páàdì funfun sí i, ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ki ìka bọ ojú ara, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí, kí ẹ sì gbé páàdì náà dání. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú omi nìyẹn: ẹ má ní ẹ fẹ́ wẹ̀ tàbí se oúnjẹ sílẹ̀ fún ará ilé, ọkọ̀ ni kí ẹ pè.