Ṣé ìyá wa ò ti dàgbà jù fún iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kúuṣẹ́ o. Ìyá wa, ẹni ọdún 78, yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ Sátidé. X-ray ní eegun ìgbáròkó ti dá. Ọsibítù ní iṣẹ́ abẹ ni, ká kọ́kọ́ san dìpósítì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara arúgbó ò lè gbà á, ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun títí ara wọn á fi le. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi, ẹ má bínú. Ta ló sọ fún yín pé ara arúgbó tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ ń le? Ojoojúmọ́ ló ń rọ sí i. Iṣẹ́ abẹ ní ewu tiẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ ìdùbúlẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sáyà á di nìmóníà, ẹ̀jẹ̀ á dì lẹ́sẹ̀ á gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, awọ ìdí á pọ́n, á dúdú, á wá jẹrà títí ẹ ó fi máa rí eegun funfun nínú egbò. Bàbá tó ń to eegun lè di ọparun mọ́ apá, ṣùgbọ́n ìgbáròkó wà nísàlẹ̀ ẹran, ibo ló fẹ́ dì í mọ́? Tó bá sì jẹ́ ọrùn eegun itan ló dá, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sórí eegun lè ti já, kò sí òrí tẹ́ ẹ fẹ́ fi wọ́ ọ tó máa so ó.

Wọ́n mọ èyí ní England, ni wọ́n ṣe fowó sí i. Láti 2010, ọsibítù tó bá gbé aláìsàn tí ìgbáròkó rẹ̀ dá wọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, láàárín wákàtí 36, tí dókítà àwọn àgbàlagbà sì tètè yẹ̀ wọ́n wò, á gba owó lé owó. Tí wọ́n bá fo ọ̀kan, owó yẹn lọ. Wọ́n sì ti ń kọ àbájáde àwọn ọsibítù sílẹ̀ láti 2007. Lọ́dún yẹn, nínú àgbàlagbà 1,000 tí ìgbáròkó wọn dá, bíi 109 ló ń kú kí oṣù kan tó pé, nígbà tó fi máa di 2011 ó ti wá sí bíi 85.

Níbí ńkọ́? Àpò ẹbí ló ń mú wákàtí tíátà. Bí ọsibítù yára, bó lọ́ra, iye kan náà ni wọ́n máa gbà, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa sáré. Ẹbí tó lè dáwó aṣọ ẹgbẹ́ Ojúde Ọba lè dá ti ìyá lọ́jọ́ méjì, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó sílẹ̀ pọ̀, irin, ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, kó má di pé wọ́n ń pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tíátà gan-an, àti bóyá fisiò, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn láti dìde rìn, máa gbé mama dìde lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n fún wọn lóògùn ìrora báyìí, kí wọ́n sì máa yí wọn padà.

Mi ò rí mama o, mi ò rí X-ray wọn. Tí nǹkan bá ń ṣe ọkàn wọn, dókítà ibẹ̀ lè fẹ́ fi wákàtí díẹ̀ tún un ṣe kọ́kọ́, tiẹ̀ lẹ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí ni mo wí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kílẹ̀ tó ṣú.