Ère Gángan Lẹ́nu Géètì Kò Sọ Ọgbà Yunifásítì Di Ti Yorùbá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. A fẹ́ kọ́ yunifásítì aládàáni kékeré kan sí etí Ẹ̀pẹ́, a sì fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá lòun wà. A ti fẹnu kò sí ère ìlù gángan lẹ́nu géètì, òrùlé gbọ̀ngàn bíi fìlà abetíajá, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígíláàsì tí wọ́n fi àlúkóbọ́ọ̀dù bò fún kíláàsì, kó lè bóde mu. Èló ni ká yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àṣà yìí? Katapílà ń bọ̀ wá tú ilẹ̀ náà, títí kan igi odán mẹ́ta tó wà láàárín rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀kẹrin irú lẹ́tà yìí rèé lọ́dún yìí. Ará Ìkòròdú fẹ́ ère ọba, ará Àgbádárìgì fẹ́ ère ọkọ̀ ojú omi. N kò ní dá iye kankan fún yín, torí yíyà tí ẹ ya àṣà sọ́tọ̀ gan-an ló bà á jẹ́. Ẹni tó gbé agbádá wọ̀ sórí kóòtù kò tíì múra bíi Yorùbá, ooru ló kàn ń pa á.

Ẹ lọ wo Yunifásítì Ifẹ̀. Ọdún 1967 ni yunifásítì yẹn kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sórí ilẹ̀ tirẹ̀. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ilé yíyà ní Jámánì, ló ṣáájú àwọn tó yàwòrán rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Oòduà rárá! Àmọ́ ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ ilé àwọn Humanities, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti irú wọn, kí ẹ gbójú sókè: àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, bí òkìtì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ilé náà ló ń ṣíji bo ara rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán kì í rọrùn dé ojú fèrèsé, òjò náà kì í rọrùn fẹ́ wọlé, atẹ́gùn sì ń kọjá. Èèyàn lè dúró níbẹ̀ bí ẹni dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé, kó kí ará, kó tàkúrọ̀sọ, kó gbàgbé pé òun ní kíláàsì. Fry àti Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ògiri oníhò ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú.

Mo dé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ère ìlù ẹnu géètì dára, wọ́n tilẹ̀ kun ṣaworo rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni. Gíláàsì kíláàsì kò ṣeé ṣí, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ti tán, àwọn ọmọ ti fi páálí dí ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Etí àlúkóbọ́ọ̀dù kan ti ṣí, ó ń gbá ògiri pá, pá. Olùkọ́ ti gbé pátákó jáde, ó fi ti ìdí igi fúrúùtù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Abẹ́ igi yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Owó ìyókù ti ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ojú gígùn ilé kọ sí àríwá àti gúúsù. Kí kíláàsì má ju yàrá kan lọ ní ìbú, kó ní fèrèsé tó ṣeé ṣí lọ́tùn-ún lósì, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ̀, kí etí òrùlé gùn. Ti òrùlé abetíajá, àárín etí méjèèjì ni omi òjò máa sùn.

N kò tíì fojú rí ilẹ̀ yín o. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà lè rọ̀, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sọ iye àjà. Ayàwòrán-ilé àti ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí ni kó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba àṣẹ ìjọba. Ẹ má fi ìdáhùn mi rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn.

Àmọ́ ẹ pe oníkatapílà lónìí. Kó yà fún igi odán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe àgbàlá, kí ẹ wá kọ́ kíláàsì yí i ká.