Èsì: Ṣé òróró àkàrà lè gbé ọkọ̀ ojú omi?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ àdìrẹ o. Ẹ ní oníbàárà yín ní Jámánì fẹ́ kí èéfín tó ń bá ẹrù yín rìn dín kù, ẹnì kan wá sọ pé òróró àlòkù lè gbé ọkọ̀ ojú omi. Òótọ́ ni.

Ṣé ẹ mọ òróró àwọn alákàrà Òkè-Fìà, èyí tí wọ́n lò títí tó fi dúdú? Irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ lókè òkun. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kẹ́míkà sọ ọ́ di dísù, wọ́n á wá pò ó mọ́ epo ọkọ̀, bí ìdá 24 tàbí 30 nínú 100. Wọn kì í sábà pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń tà á ní èbúté ńlá bíi Rotterdam àti Singapore. Èéfín ṣì ń jáde o, àmọ́ ní ti ìdá tó jẹ́ òróró yẹn, kábọ́ọ̀nù (èròjà inú èéfín tó ń mú ayé móoru) tí ewéko fà látinú afẹ́fẹ́ ló ń padà síbẹ̀.

Ó níyọnu tirẹ̀: ó ń fa omi mọ́ra, bó bá pẹ́ nínú táǹkì, á hu nǹkan yíyọ̀ tó ń dí asẹ́. Ó sì wọ́n. Bó bá sì jẹ́ pé òróró tuntun ni, tó jẹ́ pé igbó ni wọ́n gé láti gbin ọ̀pẹ rẹ̀, ẹ má dá àwọn tó ń tà á lóhùn.

Ẹ bi ejẹ́ǹtì yín ní Àpápá bóyá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ń ta ìwé ẹ̀rí pé wọ́n lo irú epo yìí ní orúkọ yín. Epo náà lè má sí nínú ọkọ̀ tó gbé ẹrù yín gan-an. Àbí ọkọ̀ òfurufú lẹ fi ń ránṣẹ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èéfín rẹ̀ lórí kílò kan ju ti ojú omi lọ fíìfíì.