Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àtúnṣe Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 58 ni mí, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mo sì ń gbé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún mi ní ikùn nítorí pé ìfun mi lọ́ pọ̀, wọ́n sì gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi olóògbé fi ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan sílẹ̀ fún mi. Fáíbà ni ara rẹ̀, ó ní yàrá kékeré níwájú, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òjò ti ba inú rẹ̀ jẹ́: ilẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀, ìbùsùn rẹ̀ ń rùn, pákó ara ògiri rẹ̀ sì ń bó. Dókítà ní kí n máa sinmi, ṣùgbọ́n ìjókòó lásán ti sú mi. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe inú ọkọ̀ yìí báyìí, níbo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?
Òǹkàwé yín, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọlọ́run yóò fi àlàáfíà kún ara. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ọkọ̀. Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa wá bá yín níbẹ̀ ní wẹ́wẹ́.

Nígbà tí awọ òde bá ti di, tí wọ́n sì ti yọ okùn, ojú ọgbẹ́ a máa dà bí ohun tó ti san tán. Àmọ́ iṣan àti awọ líle tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó di ikùn mú gan-an, oṣù ló máa ń gbà kí ó tó padà ní agbára. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi sábà máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ pé kí ó má gbé ohun tó ju nǹkan bíi kílò 4 tàbí 5 lọ fún ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, kí ẹrù tó wúwo gan-an sì dúró di bí oṣù mẹ́ta. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 5 tó kún fún omi ti tó kílò 5. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ọkọ̀: bátìrì ńlá kan ṣoṣo lè tó kílò 25, odidi pláìwúùdù tó nípọn tó mílímítà 18 sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ibi tí wọ́n rán nínú bá ya, ìfun yóò wú jáde sábẹ́ awọ, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ mìíràn ni yóò tún un ṣe.

Kì í ṣe ẹrù gbígbé nìkan ni mo ń bẹ̀rù fún yín. Wíwọ ọkọ̀ pàápàá jẹ́ iṣẹ́ fún ikùn. Ẹ fojú inú wò ó: ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wọ inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ òsì ṣì wà lórí jẹ́tì, ọkọ̀ akérò kan sáré kọjá lọ sí Ìkòròdú, ìgbì rẹ̀ dé, ọkọ̀ yín sì sún kúrò. Ikùn ni ènìyàn fi máa ń fa ara rẹ̀ padà nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ó tilẹ̀ tó ronú. Inú yàrá kékeré yẹn náà kò gba ìdúró. Ìkúnlẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àti yíyí ara ni iṣẹ́ ibẹ̀, omi tó dúró sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ sì dọ̀tí ju ohun tó yẹ kí ó kan ojú ọgbẹ́ tuntun lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tàbí káfíńtà tí ẹ fọkàn tán wọ inú ọkọ̀, kí ẹ̀yin jókòó sórí àga ní èbúté, kí ẹ máa darí rẹ̀. Kí ó fi fóònù ya àwòrán gbogbo igun kí ó tó tú ohunkóhun, kí ó fi máákà kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kó sikúrúù ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Ilẹ̀kùn àpótí, tábìlì, ìdérí abẹ́ ìbùsùn, gbogbo ohun tó bá ṣeé tú ni kí ó kó wá sílé fún yín. Ẹ wá tábìlì tó ga dé ìgbáròkó, kí ẹ má baà máa bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti máa wọn nǹkan, kí ẹ máa ya á sínú ìwé, kí ẹ sì máa fi páálí gé bátànì pákó tuntun kọ̀ọ̀kan, bí aránṣọ ti ń gé pépà kí ó tó gé aṣọ. Kí ọmọ náà gbé páálí yẹn padà lọ sínú ọkọ̀, kí ó fi í síbi tí pákó yóò wà, kí ó sì sàmì síbi tí kò bá ti bára mu, títí yóò fi gún régé. Mo ka apá yìí sí pàtàkì ju èyí tó kù lọ, nítorí pé ògiri ọkọ̀ kò gún bíi ti ilé, àwọn tí ara wọn le a sì máa kánjú fò ó, ìyẹn ni pákó wọn kì í fi í wọ ibi tí wọ́n gé e fún. Ẹ̀yin ní àkókò rẹ̀ báyìí.

Kí ẹ tó ra pákó kankan, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Omi òjò ló sábà máa ń mú igi inú ọkọ̀ rà ju omi oníyọ̀ lọ. Etí fèrèsé, ìdérí òkè àti ihò sikúrúù ló sì máa ń gbà wọlé. Kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn máa fi họ́ọ̀sì da omi sí i lára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò ṣàn káàkiri, ẹ kò sì ní mọ ojú ibi tó ti wọlé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi òòlù kékeré máa kan ilẹ̀ ọkọ̀: ibi tó bá dún koko ṣì le, ibi tó bá dún bọ̀lọ̀ ti rà.

Ní ti pákó, pláìwúùdù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ béèrè. Àmì BS 1088 ni kí ẹ wò lára rẹ̀. Ẹ fi ẹpọ́sì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń gan tí omi kì í wọ̀, kun gbogbo etí tí ayùn bá gé, nítorí ibẹ̀ ni omi yóò kọ́kọ́ fà sí. Bí ẹ bá fẹ́ igi odidi fún etí tábìlì àti àtẹ̀gùn, ìrókò tàbí igi apá tó ti gbẹ dáadáa ni kí ẹ rán ènìyàn lọ wò ní ọjà pákó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe súnmọ́ ibi tí wọ́n bá ti ń rẹ́ ẹ tàbí tí wọ́n ti ń fi sáńpépà ha á. Eruku ìrókò a máa mú ènìyàn sín, a sì máa mú un wúkọ́. Eruku fáíbà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn résínì, ìyẹn oje tí wọ́n fi ń mú fáíbà gan, náà kò sì dára fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì le. Ikọ́ líle kan a máa fa ojú iṣẹ́ abẹ bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹrù. Bí ó bá tilẹ̀ dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí kékeré tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́ra kí ẹ tó wú u. Oògùn ìrora tó lágbára a sì máa kunni lóorun, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá lò ó, ẹ má fọwọ́ kan ayùn iná rárá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn tí yóò bá yín ṣiṣẹ́. Gáàsì tó ń tú jáde lára epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló sì máa ń rọ̀ sí, níbi tí ìtapara bátìrì ti tó láti mú un gbiná. Kí wọ́n ṣí gbogbo ojú ọkọ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kí wọ́n gbé agolo epo kúrò, kí wọ́n sì tú bátìrì kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ oníná kankan.

Dókítà yín ni yóò sọ ìgbà tí ẹ lè wọ ọkọ̀ fúnra yín. Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un bí ó ṣe rí gan-an. Ẹ má kàn sọ pé ẹ ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀. Bí ibà bá dé, bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, bí ẹ bá ń bì tí ìgbẹ́ sì kọ̀, bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ tó sì ń dùn yín, tàbí bí èémí bá ń há, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ti lé ní oṣù kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì fún mi. Ọkọ mi ń tún ọkọ̀ tó fi ń gbé èrò lọ sí Tarkwa Bay ṣe, ó sì fẹ́ kí n bá òun rán ìbòrí àwọn ìjókòó rẹ̀. Ṣé kò ní pa mí lára, irú fóòmù wo ni kí a sì rà?
Aránṣọ, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Àǹtí wa, ẹ kú ewu. Bí dókítà bá ti gbà kí ẹ máa jókòó ṣiṣẹ́, ìránṣọ fúnra rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ lo ẹ̀rọ oníná dípò ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé títẹ ẹsẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ a máa fa abẹ́ ikùn. Ẹ máa dìde rìn ní wákàtí wákàtí, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn dáadáa ní ẹsẹ̀. Ẹ má gbé odidi róòlù lẹ́dà. Kí ọkọ yín ní kí wọ́n gé iye ọ̀pá tí ẹ nílò ní Múṣin, kí ó sì gbé e wálé.

Fóòmù ìjókòó ilé a máa mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tí omi kò lè wọ inú rẹ̀ ni kí ẹ rà fún ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ le díẹ̀ lábẹ́ ìdí. Kí káfíńtà lu ihò sí pákó tí ìjókòó yóò wà lórí rẹ̀, kí omi lè máa ro jáde. Òwú pólíẹ́sítà ni kí ẹ fi rán an, nítorí òwú lásán yóò jẹrà, síìpù oníke sì ni kí ẹ lò, kí ẹ fi í sí ẹ̀yìn níbi tí ìdí èrò kò ti ní máa jókòó lé e.