Kò sí ẹni tó lè gbé máàkì JAMB sókè: ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùdámọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin ṣe JAMB, 187 ló gbà. Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọmọkùnrin kan ní kafé tí a ti ra fọ́ọ̀mù sọ pé òun mọ ẹnì kan ní Àbújá tó lè gbé máàkì náà sókè sí 290. ₦150,000 ló ń bèèrè, ó sì ní ká kọ́kọ́ san ìdajì. Wọ́n ní ó ti ṣe é fún àwọn ọmọ kan ládùúgbò wa. Ṣé kí n san ìdajì náà, àbí kí n ní kó ṣe é tán ná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má san ìdajì, ẹ má sì san odindi. Kò lè ṣe é tán, nítorí kò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Bí èsì JAMB bá ti ń jáde báyìí ni irú lẹ́tà yín máa ń dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn òbí tó ń yáwó kí ọmọ wọn lè kàwé ni wọ́n ń fi èyí lù ní jìbìtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí máàkì yẹn ń gbà kẹ́ ẹ lè rí ibi tí irọ́ náà wà. Láti 2015, kò sí ẹni tó ń fi bébà ṣe ìdánwò yìí mọ́. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn fi ń ṣe é: ìbéèrè 180, 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ohun tí ọmọ bá tẹ̀ kì í dúró sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọ̀dọ̀ JAMB ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń máàkì rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí yunifásítì bá sì fẹ́ mọ iye tí ọmọ gbà, kì í ṣe bébà tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n máa wò. Ọwọ́ JAMB ni wọ́n ti ń gba máàkì gbogbo ẹni tó mú ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Kí wá ni ọmọkùnrin kafé yẹn ń tà? Bébà ni. Wọ́n á ṣí èsì ọmọ yín lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á pa 187 rẹ́, wọ́n á kọ 290 síbẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Ẹ̀yin á yọ̀, ẹ ó san owó tó kù. Ẹ dán an wò: kí ọmọ yín mú nọ́ńbà fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ gan-an, kó tẹ UTMERESULT, kó fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. 187 náà ló máa padà wá, bí ẹ bá tiẹ̀ ti san mílíọ̀nù kan.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo Nàìjíríà kan ní 2023. Ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Anambra gbé èsì 362 jáde, ilé iṣẹ́ kan tiẹ̀ ti ṣèlérí owó ẹ̀kọ́ fún un. JAMB ní 249 ló wà lọ́dọ̀ àwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìgbìmọ̀ dìde, ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé ọmọ náà ló yí èsì rẹ̀ padà. JAMB ní kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò àwọn fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó máa ń ká mi lára jù nínú rẹ̀ ni 249 yẹn. Máàkì gidi ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi èyí tó kéré sí i wọ yunifásítì. Ó ní in lọ́wọ́, 362 tí kò sí níbì kankan ló bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ ní ó ti ṣe é fún àwọn ọmọ àdúgbò. Bí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ ogún òbí, ó dájú pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà á wọlé nítorí ìwé tí wọ́n kà. Á gba ọpẹ́ lọ́wọ́ òbí àwọn yẹn, orúkọ rẹ̀ á sì kàn káàkiri. Àwọn tí kò wọlé kò ní sọ̀rọ̀, ojú ń tì wọ́n. Mi ò mọ ọmọkùnrin yẹn, n kò sì pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tan òun náà jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tà kò sí. Òfin ọdún 1999 sì wà lórí màgòmágó ìdánwò, ẹ má ti ọmọ yín síbẹ̀. Bí password JAMB ọmọ yín bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yí i padà lónìí, nítorí òun lè wọ ibẹ̀ lọ gba ìgbàwọlé tí ọmọ yín kò fẹ́, tàbí kó kọ èyí tí ọmọ yín fẹ́ sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ẹ kò béèrè. Ẹ rò pé 290 nìkan ti tó. Kò tó. Yunifásítì Ìbàdàn kì í gba ẹni tí kò ní 200 láàyè láti ṣe post-UTME, ìyẹn ìdánwò ti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, torí náà ibi tí ọmọ yín bá ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn gan-an ni bébà 290 yín á ti kọ́kọ́ fọ́. Ẹni tó bá sì ṣe é, wọ́n á pín máàkì JAMB rẹ̀ sí mẹ́jọ, wọ́n á pín ti post-UTME sí méjì, wọ́n á wá rò wọ́n pọ̀. Ọmọ tó gba 290 ní JAMB, tó sì gba 40 ní post-UTME, 56.25 ló ní. Èyí tó gba 256 àti 70 ní 67. Ọmọ 256 náà ló ṣáájú. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀, wọ́n sì lè yí i padà, nítorí náà ìkéde wọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe lẹ́tà mi.

Ní ti 187, kì í ṣe òkú máàkì. Ní 2025, 150 ni iye tó kéré jù tí yunifásítì lè gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics ló ṣe, ó lè lọ sí ibùdó CBT, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, kó pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ohun tó fẹ́ kà: Microbiology, Biochemistry, iṣẹ́ àgbẹ̀. Bó bá ní ìṣègùn ni dandan, kó tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, torí máàkì yìí kò ní wúlò mọ́ nígbà náà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe JUPEB tàbí IJMB, ẹ̀kọ́ ọdún kan tí ọmọ fi ń wọlé sí ọdún kejì ní yunifásítì. Ó dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ bóyá wọ́n ń gbà á fún ìṣègùn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ kò dárúkọ èsì WAEC rẹ̀ rárá. Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́dìtì márùn-ún, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú wọn, kò sì gbọdọ̀ ju ìdánwò ìjókòó méjì lọ tó fi kó wọn jọ. Bó bá jẹ́ pé èsì náà kò tí ì jáde nígbà tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ rí i pé wọ́n gbé e sórí ìkànnì JAMB ní ibùdó CBT nígbà tó bá jáde, torí bí kò bá sí níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kò lè gbà á. Lẹ́yìn náà, kó máa wo CAPS, ibi tí JAMB ti ń fi ìgbàwọlé hàn, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ máàkì WAEC náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iṣẹ́ mẹ́rin tó ṣe ní JAMB, màá sọ ohun tó bá a mu fún yín. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.