Ère Ìbejì Tí Wọ́n Jí, Tó Yọjú ní Gbàǹjo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Lọ́dún 2019 ni wọ́n jí ère ìbejì méjì gbé nínú yàrá ìyá wa àgbà ní Ìlá Ọ̀ràngún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù rí méjì tó jọ wọ́n bí ìmumu lórí ìkànnì ilé gbàǹjo kan níbẹ̀. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n tà wọ́n. Fọ́tò kan ṣoṣo la ní, èyí tí wọ́n yà níbi òkú bàbá wa lọ́dún 1998, tí àwọn ère náà wà lórí àpótí lẹ́yìn ìyá. A ò fi tó ọlọ́pàá létí nígbà yẹn. Ṣé ẹ̀pa ò ti bóró mọ́?
Ọmọ Ọ̀ràngún

Ìdáhùn: Ẹ̀pa ṣì lè bóró, ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi sùn. Ẹ má tíì kọ ohunkóhun sórí Facebook o. Bí ariwo bá ta, ẹni tó gbé e wá lè tètè gbé e kúrò, ère á sì di àwátì. Lónìí gan-an, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tọ́jú gbogbo ojú ìwé náà pa mọ́: àdírẹ́sì ìkànnì, ọjọ́ àti aago tó wò ó, nọ́ńbà tí wọ́n fún ọjà náà, iye tí wọ́n fojú sí i, gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ibi tó ti wá, àti fọ́tò kọ̀ọ̀kan bó ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà kó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n sọ bí ara ère náà ṣe rí fún òun, kí wọ́n sì fi fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ àti abẹ́ pèpele tó dúró lé ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè èyí lọ́wọ́ ilé gbàǹjo, kò pọn dandan kó sọ ìdí.

Ibi fọ́tò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń pàdánù. "Ó jọ ọ́" kì í ṣe ẹ̀rí. Agbẹ́gilére kan náà lè ti gbẹ́ ìbejì fún ọ̀pọ̀ ilé, kí gbogbo wọn ní irun kan náà àti ilà kan náà. Nítorí náà ẹ má wo ojú, torí ojú ni omi ìwẹ̀ àti ọwọ́ ìyá máa ń fọ̀ dànù jù. Ẹ má gbára lé ìlẹ̀kẹ̀ náà, nítorí àwọn oníṣòwò máa ń tú u, wọ́n sì máa ń fi òmíràn sí i. Ohun tí olè ò lè pààrọ̀ lẹ ó wá: ibi tí igi ti sán, ihò kòkòrò, etí pèpele tó ti kán, ìṣó ẹyinjú tó ti bọ́.

Ẹ gbé fọ́tò 1998 náà lọ síbi tí wọ́n á ti fi ẹ̀rọ yà á sínú kọ̀ǹpútà ní 1200 dpi, kì í ṣe pé kí ẹ fi fóònù yà á lábẹ́ iná. Kí ẹ wá àmì mẹ́ta lára ère kọ̀ọ̀kan. Ká ní igi sán láti abẹ́ ọmú òsì wá sápá ìdodo: ẹ wọn bí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣe jìnnà sí ìdodo tó, kí ẹ fi wé gíga ère náà lódindi. Ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ bára mu nínú fọ́tò méjèèjì, bí wọ́n bá ti yà wọ́n láti iwájú. Ibi tó sán lè gùn sí i láti 1998, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé òyìnbó máa ń fa igi ya, ṣùgbọ́n kì í kúrú. Ihò kòkòrò lè pọ̀ sí i, kì í dín, àfi bí wọ́n bá fi ìda dí i. Bí àmì mẹ́ta bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ó jọ ọ́".

Lọ́jọ́ kejì, kí olórí ẹbí àti àgbà méjì lọ búra nílé ẹjọ́: ta ni wọ́n gbẹ́ ère náà fún, ibo ló máa ń wà, ta ló kọ́kọ́ rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, àti pé ẹbí ò tà á. Kí wọ́n mú ìwé náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀sùn. Ọjọ́ òní ni kí wọ́n kọ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè bá yín dá ọjọ́ padà sí 2019, ẹ sá fún un, nítorí lọ́yà ẹni kejì á rí i, gbogbo ẹ̀rí tó kù á sì bàjẹ́ mọ́ ọn. Kí ẹ tó búra rárá, ẹ wádìí nínú ilé. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ló tà á, ẹ sọ fún lọ́yà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹjọ́ á wá dá lórí bóyá ẹnì kan lágbára láti ta ohun ẹbí.

Ẹ wá kọ̀wé sí ẹ̀ka òfin ilé gbàǹjo náà, kí ẹ so fọ́tò méjèèjì àti ìwé ìbúra mọ́ ọn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: kí wọ́n yọ ère náà kúrò nínú ọjà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn, kí wọ́n má sì dá a padà fún ẹni tó gbé e wá títí ẹ ó fi jọ yanjú rẹ̀ tàbí tí ilé ẹjọ́ á fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé "a ti yọ ọ́" lásán, ó lè jẹ́ pé ère ti wà nínú ọkọ̀ ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí wọn ò fọwọ́ sí i, lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa gba àṣẹ ilé ẹjọ́.

Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ tó ń rí sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM, l'Ábújá, nítorí òfin 1979 tó dá wọn sílẹ̀ ka iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti lò fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ bó bá níye lórí nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà. Kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ wa láìsí ìwé àṣẹ wọn. Ẹ bi ilé gbàǹjo léèrè ìwé àṣẹ náà. Ẹ fi tó ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù létí pẹ̀lú. Ní ti Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, ẹ̀yin fúnra yín ò lè kọ ère sínú àkọsílẹ̀ wọn nípa iṣẹ́ ọnà tí wọ́n jí, ọlọ́pàá ilẹ̀ wa ló máa fi ránṣẹ́ láti Àbújá.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló le jù. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olè kì í di olóhun bó ti wù kó pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti rà á láìmọ̀ pé wọ́n jí i, ọdún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ yẹn, bó bá sì pé, ẹ̀tọ́ yín ti lọ. Ní Faransé, ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n jí i ni, bó bá sì jẹ́ gbàǹjo, ọjà tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta irú rẹ̀ lẹni náà ti rà á, ẹ ó san owó tó fi rà á padà fún un. Ibi tí nǹkan wà nígbà tí wọ́n tà á ni òfin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Nígbà kan rí, ẹni kan tí wọ́n jí ère kéékèèké ilẹ̀ Japan rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí Ítálì ni wọ́n ti tà á fún ẹni tí kò mọ̀, kí ó tó padà wá sí ilé gbàǹjo Christie's. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́yà yín fi gbọ́dọ̀ jẹ́: ìgbà wo lẹ rà á, níbo, lọ́wọ́ ta ni?

Kí ẹ má sì rò pé ilé gbàǹjo ńlá tàbí ti ìjọba kì í ṣàṣìṣe. Orí idẹ Ifẹ̀ kan tí wọ́n jí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos lóṣù kìíní ọdún 1987, àwọn aláṣẹ Belgium fúnra wọn ló tà á ní gbàǹjo lọ́dún 2007. Ìgbà tí ẹni tó rà á gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti tà ni àwọn ọlọ́pàá tó gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní yá ju kí ẹbí dáwó jọ, kí wọ́n fowó rà á níbi gbàǹjo yẹn?
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ìyá, ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó yẹn kì í padà wá. Iye tí wọ́n kọ sí i kọ́ lẹ ó san, ẹ ó fi owó ilé gbàǹjo lé e. Bí ẹ bá sì ń díje, ẹ ó dà bí ẹni tó gbà pé olóhun ló ń tà á. Bí ó bá di dandan, kí lọ́yà kọ̀wé ṣáájú pé ẹ ń rà á láìfi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ra ìbejì kan ní ọjà àlòkù ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ní £40. Nọ́ńbà kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ lé ọ̀dà funfun. Kí ni kí n ṣe?
Àbúrò yín, Peckham

Ìdáhùn: Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró pa á. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló sábà máa ń kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ọdún tí nǹkan náà wọlé ló sì máa ń ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó lè jẹ́ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tà á lábẹ́ òfin, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà olówó kan tó ń kó wọn jọ. Ẹ ya nọ́ńbà náà àti ère náà lódindi ní ojúmọmọ, kí ẹ fi fọ́tò ère náà wá a lórí ID-Art, áàpù Interpol fún wíwá iṣẹ́ ọnà tí wọ́n jí, kí ẹ sì kọ̀wé sí NCMM pẹ̀lú fọ́tò mẹ́rin. Ẹ má tà á títí wọ́n á fi dá yín lóhùn. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n jí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba £40 yín lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́, ibi tó pàtẹ sí àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá ṣì rántí.

Ìbéèrè: Tiwa ṣì wà nílé. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀?
Baálé ilé kan, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ gbé e síta ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, níbi tí òòrùn ò ti ta sí i tààrà, lórí aṣọ tí kò ní àwòrán, kí rúlà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, orí àti abẹ́ pèpele, láìlo iná fóònù, torí iná yẹn máa ń pa ojú ibi tó sán rẹ́. Ẹ wá sún mọ́ àbùkù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yà á lọ́tọ̀. Ẹ wọn gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ pèpele ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ kọ gíráàmù rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ìbejì tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mẹ́ta lórí í-meèlì, kí ọ̀kan lára wọn máa gbé ìlú mìíràn, torí ọjọ́ tí í-meèlì náà lọ ló máa jẹ́rìí fún yín lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má fi ọ̀bẹ fín àmì sí i lára.