Láti ìdí bíríkìlà dé ìdí bíldà: èsì fún àbúrò tó béèrè

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní láti ìgbà tí o ti gba fírídọ̀mù ni o ti ń mọlé káàkiri Muṣin àti Ìlúpéjú, o ti ní àwọn ọmọṣẹ́ tìrẹ, àwọn onílé sì ń pè ọ́ ní ẹnjiníà. O wá ń béèrè bóyá ìrírí yẹn nìkan tó láti fi gba láísẹ́ǹsì bíldà, ìyẹn ẹni tí òfin mọ̀ pé ó lè darí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Kò tó. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnì kan má baà fi ìlérí gba owó lọ́wọ́ rẹ. Bíríkìlà lèmi náà kí n tó di bíldà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

CORBON ni àjọ tí òfin gbé ìforúkọsílẹ̀ bíldà lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, láti ọdún 1989. HND tàbí dìgírì nínú Building ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí o ṣe lábẹ́ bíldà tó ti forúkọ sílẹ̀, ìdánwò, àti ìjókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́. NIOB, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa bíldà, ni èmi gbà dé ọ̀dọ̀ CORBON. Ti àwọn ẹnjiníà ni COREN, ti àwọn ayàwòrán ilé ni ARCON. Ẹni tó bá ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọ, kò mọ̀ ọ́n.

Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí o sọ pé o ní, gírédì kìíní, ohun rere ni. Kọ́ńpìnnì á fi gbà ọ́ síṣẹ́, owó rẹ á sì ju ti ẹni tí kò ní in lọ. NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó náà dára fún irú wa, torí wọ́n lè yẹ ohun tí o ti mọ̀ ọ́n ṣe wò, kí wọ́n sì fún ọ ní ìwé lé e lórí láì ní kí o padà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to bùlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dípò HND nínú méjèèjì. Èmi gba ọ̀nà NABTEB, ìdánwò bíi WAEC fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Mo ṣe ti Nov/Dec nítorí iṣẹ́ máa ń gba gbogbo ara nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà òjò ni mo fi ráyè kàwé. Máàtì àti Físíìsì ni kí o dójú lé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ND, ọdún 2, ọdún kan níta fún iṣẹ́, kí HND ọdún 2 tó tẹ̀ lé e. Tí o bá gba ti ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ bíi tèmi, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n o ò ní pa oúnjẹ ọmọ rẹ tì.

Má rò pé ìrírí rẹ máa sọ kíláàsì di ohun tó rọrùn o. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ béèrè pé bùlọ́ọ̀kù mélòó ló ń wọ mítà kan níbùú lóròó. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo fi dáhùn pé mẹ́wàá. Ó ní òótọ́ ni, kí n wá jáde kí n fi hàn bó ṣe jẹ́ mẹ́wàá. Mo dìde, mo dúró, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Bùlọ́ọ̀kù gùn ní 450mm, ó ga ní 225mm. Sọ wọ́n di mítà, fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kí o wá fi ohun tó bá jáde pín 1: 9.88 ni wàá rí. Ọmọ kékeré kan tí kò fọwọ́ kan kọnkéré rí ló wá ṣe é. Inú bí mi díẹ̀, mo sì bẹ ọmọ náà kó máa kọ́ mi ní ìṣirò. Èmi náà ń mú un lọ sí sáìtì.

Ibi tí ìrírí ti gbè mí ni ìjókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ yẹn. Wọ́n béèrè pé, bí kúùbù kọnkéré, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń dán agbára kọnkéré wò, bá kùnà ní àyẹ̀wò ọjọ́ 7, kí ni màá ṣe? Ọ̀rọ̀ tí mo ti rí ní Sùúrùlérè rí nìyẹn, lórí dẹ́kìn. Mo ní n kò ní jẹ́ kí kápẹ́ńtà yọ igi kankan lábẹ́ rẹ̀, n kò ní jẹ́ kí wọ́n to bùlọ́ọ̀kù lé e, màá ránṣẹ́ sí ẹnjiníà, màá sì dúró de èsì ọjọ́ 28. Àgbà tó jókòó sáàárín wọn mi orí pé ó dára. Wọ́n tún béèrè àwọn ìwé tí National Building Code ọdún 2006 fi sí ọrùn bíldà: ètò iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ètò bí iṣẹ́ á ṣe dára, ètò ìlera àti ààbò. Tọ́wọ́ rẹ bọ ìyẹn dáadáa, torí LASBCA, àjọ tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, náà ń béèrè ìwé tí wọ́n bá yọjú sí sáìtì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lónìí gan-an kò ní í ṣe pẹ̀lú ilé-ìwé. Wá bíldà tó ti forúkọ sílẹ̀, kí o máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí o sì máa gba ìbuwọ́lùwé rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń parí. Ra ìwé líle kan. Kọ ọjọ́ sí i, àdúgbò, apá ibi tí ẹ ṣe, irú kọnkéré tí ẹ pò, ẹni tó dúró tì yín. Kọ́ńpìnnì tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù lọ ti kógbá sílé nígbà tí mo nílò lẹ́tà wọn, ọ̀gá tó mọ̀ mí níbẹ̀ sì ti japa. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé mo ṣiṣẹ́ náà, kò kàn sẹ́ni tó lè buwọ́ lù ú, wọn kò sì kà á fún mi.

Ní ti ẹni tó ní òun á yá ọ ní síìlì òun, ìyẹn òǹtẹ̀ bíldà, kí o máa fi gba iṣẹ́, sá fún un. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní November 2021, èèyàn tó kú níbẹ̀ lé ní ogójì. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó ni síìlì á ní òun ò dé sáìtì, ìwọ tí o dúró níbẹ̀ ò sì ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kankan.

Owó fọ́ọ̀mù ń yí padà, n kò ní dá iye kan fún ọ. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì CORBON, kí o sì gba rìsíìtì. Èsì NABTEB tàbí WAEC tí o bá ní nílé, kọ àwọn kírẹ́díìtì inú rẹ̀ síbí, ká mọ èyí tó kù kí o tún ṣe.